Ìbọn Ọ̀sán ní Etí Òkun Rumuigbo

Ẹ má tíì dáná sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí n wá ibi jókòó. Mo gbọ́ ohun tí ìwọ Ṣeun wí, má rò pé etí mi ti di tó bẹ́ẹ̀. O ní, "Grandpa, this one na rag, make we burn am." Àkísà ni lóòótọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, eérú dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ní ìlú yìí sì ti sọ omi tí wọ́n yà sára rẹ̀ di omi gọ́tà. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ jó. Ṣọ́ọ̀bù yìí tí ẹ̀yin ọmọ Títí ọmọ mi fẹ́ máa ta ṣájà àti ike fóònù nínú rẹ̀, òkun wà níbẹ̀ rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkun wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ní Rumuigbo níbí, torí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń pe ìyá mi ní Ìyá Etí Òkun ní Ìkìrun títí ó fi kú.

Mo kúrò ní Ìkìrun wá sí Pọ́tákọ́ọ̀tù nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri. Iṣẹ́ tíṣà ni àwọn àbúrò bàbá mi fẹ́ kí n ṣe. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, mo lọ kọ́ fọ́tò, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n wí lójú ìyá mi pé ọmọ tó bí yóò máa gbé kámẹ́rà kọ́rùn kiri bí alágbe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ogún lórí àwo ìrẹsì kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ò lè mọ bí ayé wa ṣe rí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti túká, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ gbé sí lẹ́nu ọ̀nà yìí. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Rumuokwurushi á wọ ọ̀kadà wá, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì lórí ọ̀kadà kan, aṣọ wọn á ti wọ́. Mo ní áyọ́ọ̀nù onína níbẹ̀ fún wọn. Mo ní dígí, kóòmù, pọ́ńdà, táì kan ṣoṣo àti gíláàsì dúdú kan tí gbogbo Obio-Akpor ti fi ojú wọ̀. Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn onímọ̀le á tò láti ibí dé ibi tí wọ́n ti ń la igi lọ́hùn-ún. Mo rántí alàgbà kan tó taku pé òun ó so táì náà mọ́ jálàbíà, mo sì yà á bẹ́ẹ̀. Fíláàṣì mi á kọ́kọ́ han tín-ín-rín bí ẹ̀fọn, lẹ́yìn náà á kọ yẹ̀rì, ọmọ á bú sẹ́kún, ìyá ọmọ á ní, "Photo, you don blind my pikin." Fọ́tò mẹ́rìndínlógójì péré ni fíìmù kan ń gbà, nítorí náà èèyàn kì í ṣeré. Tí a bá ti yà á tán, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ dé. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó mọ bí òun ṣe rí. Wọ́n á máa yọjú, wọ́n á máa béèrè, inú wọn á máa dùn sí ohun tí wọn ò tíì rí. Adùn yẹn ni mo rántí jù nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí mọ́.

Ohun kan tún wà. Nínú fọ́tò mẹ́wàá tí mo bá yà, mẹ́jọ ń lọ sílé ni. Sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀wọ̀, sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n á fi sínú àpò ìwé, wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán, kí ìyá lè rí i pé ọmọ òun sanra. Kérésì, Àjíǹde, Iléyá, nígbà tí gbogbo ayé ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, ìgbà yẹn gan-an ni èmi kì í lè kúrò nídìí kámẹ́rà. Mo ń fi ojú ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sí ìyá wọn, tèmi ń wo ọ̀nà.

Òyìnbó kan wà tó máa ń wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà lọ́dọ̀ mi, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ló ti ń ṣiṣẹ́. Arúgbó kúkurú ni, imú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ní ìparí ọdún 1999 ó mú kàlẹ́ńdà kan wá fún mi, ó ní ìlú tí wọ́n ti bí òun ló wà nínú rẹ̀, létíkun Mẹditaréníà nílẹ̀ Faransé. Mo ṣí i. Omi náà búlúù bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ilé funfun tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ọkọ̀ ojú omi funfun tò sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó jókòó lórí àga oníbàárà, ó ń fi ìka tọ́ka sí i fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní títì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun tí tọmọdé tàgbà máa ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn kò lọ síbi kankan. Mo ní, wọn ò lọ síbi kankan bí i ti báwo? Ó ní, "Nowhere, my friend. Just looking." Ó ní òdòdó ni wọ́n ń tà lọ́jà wọn láàárọ̀. Ó ní etí òkun wọn kò ní yanrìn, òkúta róbótó ló kún ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sanwó kí wọ́n tó sùn lé òkúta náà lórí. Wọ́n ń lọ ẹ̀wà kan, wọ́n ń yan án pẹlẹbẹ nínú àwo irin, wọ́n ń jẹ ẹ́ gbóná-gbóná lójú pópó. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sórí òkè kan tí èèyàn á ti rí gbogbo òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti orí òkè yẹn, ó ní, bí agogo bá ti lu méjìlá ọ̀sán lójoojúmọ́, wọ́n á yin ìbọn ńlá kan, gbùú! Ó ní bàbá kan láyé àtijọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń gbàgbé ara síbi tó ti ń wo òkun, kì í tètè wálé wá bójú tó oúnjẹ ọ̀sán. Ìbọn náà ni bàbá fi ń pè é wálé. Bàbá ti kú tipẹ́, wọ́n ṣì ń yìn ín.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Oil Mill Market lọ ra aṣọ nínípọn ọ̀pá mẹ́fà àti ọ̀dà. Mo pe Bómá, ọmọ ìlú etí omi kan tó ń kọ páátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mo fi kàlẹ́ńdà hàn án. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi yà á. Ẹ tẹ́ aṣọ náà kí ẹ wò ó, ẹ wo igun ọwọ́ òsì. Ẹ rí ọkùnrin tó dúró nínú ọkọ̀ igi, tó ń ju àwọ̀n? Kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Bómá ló fi kún un láti inú ara rẹ̀. Mo bínú, mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó ní, "Oga Photo, I no fit draw water wey no get fisherman. E go be like say everybody don die." Mo fi í sílẹ̀.

Mo da yanrìn odò sílẹ̀ níwájú aṣọ náà, mo ri agbòòrùn pupa mọ́ ọn, mo gbé àga funfun sí i, mo sì gbé fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí aṣọ èèyàn lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí o bá dúró síbẹ̀ tí mo yà ọ́, ìwọ fúnra rẹ á béèrè ìgbà tí o dé òkè òkun. Àwọn ará Pọ́tákọ́ọ̀tù mọ̀ pé aṣọ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá. Èmi, ìyá ìyá yín àti Títí tó ṣì kéré ni a kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé, "Èmi àti ìdílé mi, Pọ́tákọ́ọ̀tù," mo fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi. Irọ́ kankan kò sí nínú ohun tí mo kọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi dé. Ó ní Ìyá ti gbé fọ́tò náà kọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò ti wá wo òkun Pọ́tákọ́ọ̀tù tí mò ń gbé létí rẹ̀. Kọ́tìnnì dúdú kan ṣoṣo ni ẹni tó ń ya fọ́tò ládùúgbò wa lọ́hùn-ún ní, wọn ò rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ti máa ń gbọ́ pé ìlú tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gúnlẹ̀ sí ni ìlú yìí. Kí ni wọn ò ní gbà gbọ́? Àbẹ̀kẹ́ ní àwọn àbúrò bàbá wa pàápàá wá, wọ́n dúró síwájú rẹ̀ títí. Ó ní Ìyá ṣe ìrẹsì fún wọn, ó sì ń kọrin nínú ilé ìdáná.

Mo mú bírò láti kọ̀wé pé aṣọ ni. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo mú un. Àmọ́ mo rí ojú àwọn bàbá yẹn, mo rí bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí mo kọ ni pé, "Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, Ìyá mi."

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí Àbẹ̀kẹ́ ra ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìyá á ní, "Ṣé ẹ jáde lọ wo òkun lónìí?" Mo jókòó sínú yàrá kan tí gọ́tà ń rùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń dún láyìíká mi, mo ní, "A lọ, Ìyá mi." Ni mo bá ń fi gbogbo ohun tí òyìnbó yẹn sọ ròyìn fún un. Mo sọ ti ọjà òdòdó. Ó ní, "Òdòdó? Kò sẹ́ni tó ń ta ata níbẹ̀ ni?" Mo sọ ti ẹ̀wà tí wọ́n ń yan, ó ní, "Àkàrà ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Irọ́ yẹn dùn, ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní tàn yín.

Ó ní lọ́jọ́ kan, "O ní orí òkúta ni wọ́n ń sùn. Yanrìn ni mo rí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Mo ní, "Òkúta wà níwájú díẹ̀, Ìyá mi."

"Hẹn-ẹn. Ọkùnrin tó ń ju àwọ̀n yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti rí ẹja mú?"

"Ó mú ọ̀kan lánàá."

"Ọpẹ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí ìdúró."

Ti ìbọn ló wá wọ̀ ọ́ lára jù. Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Ìyá á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà, á ní, "Ìbọn ọmọ mi ti dún." Àwọn aládùúgbò á sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé ìkòkò ọ̀sán kaná.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní òun fẹ́ wá. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni ó máa ń wí. "Kí n jókòó sábẹ́ agbòòrùn yẹn, kí n gbọ́ ìbọn náà, kí n padà sílé mi." Mo ní kí òjò dá ná. Òjò dá, mo ní ọ̀nà kò dára. Mo ní bọ́ọ̀sì yóò dun ìbàdí rẹ̀. Mo ní lẹ́yìn Àjíǹde, mo ní lẹ́yìn Iléyá. Ọmọ Ikwerre ni ìyá ìyá yín, ẹ mọ̀ ọ́n, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Papa Títí, tell Mama true. Na cloth. She no go flog you." Mo ní kò yé e, pé ìyá mi ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Na Mama you dey cover, abi na yourself?" Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Báyìí ni ọdún méje ṣe lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì kan ni Àbẹ̀kẹ́ pè mí láàárọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ara Ìyá kò yá. Wọn kì í jẹun mọ́. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìbọn náà lórí fóònù." Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gbé àpò mi kí n wọ ọkọ̀. Ẹ ò ní láti jẹ́ àgbàlagbà kí ẹ tó mọ ìyẹn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kún, èèyàn ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ní, "Sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró di méjìlá."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, mo wọ ilé lọ mú ọmọ odó. Mo ní kí ìyá ìyá yín bá mi gbé fóònù dání. Ó kẹ́yìn sí mi. Mo fi ọwọ́ òsì gbé fóònù náà sókè, mo fi ọmọ odó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún gbá ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù yìí, gbùú! Gbogbo àwọn oníbàárà yíjú sí mi. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Ẹnì kan ní, "Oga Photo, wetin happen?"

Mo gbé fóònù sétí. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Ilẹ̀kùn irin ni."

Mo gbé ọmọ odó sílẹ̀.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí òkúta ti di yanrìn ni mo ti mọ̀. Kì í ṣe òkun ni mo fẹ́ wá wò, ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ ni. Ṣé o ní ìbọn tí wọ́n fi ń pe èèyàn wálé ni? O wá ń yìn ín sí mi létí. Èmi kọ́ ni mo jìnnà sílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún síwájú àwọn oníbàárà. Mo ní kó dárí jì mí. Mo ní, tí Kérésì bá ti kọjá báyìí, n ó wọ ọkọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Lọ dá àwọn èèyàn rẹ lóhùn, mò ń gbọ́ ariwo wọn."

Mo lọ dá wọn lóhùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo padà sídìí kámẹ́rà. Mo ya fọ́tò lọ́jọ́ náà, mo yà lọ́jọ́ kejì, mo yà lọ́jọ́ Kérésì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì Kérésì ni mo ń di ẹrù nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ tún pè, ẹkún ló ń sun.

Nígbà tí mo dé Ìkìrun, gbogbo àdúgbò jáde wá pàdé mi. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ Ìyá Etí Òkun. Ẹni tó kéré jù nínú àwọn àbúrò bàbá mi, arúgbó kùjọ́kùjọ́, di ọwọ́ mi mú níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ní, "Òkun ńkọ́, ọmọ wa?" Ni mo wá mọ̀ pé Ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ̀ pé aṣọ ni láti ọdún mélòó kan, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ó ń gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà, ó ń sọ fún wọn pé ìbọn ọmọ òun ti dún, kí ojú má bàa tì mí. Lẹ́bàá sàréè ìyá mi, mo tún purọ́ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Ó wà ńbẹ̀, bàbá." Kí ni ǹ bá sọ? Ìyá mi ti fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣọ́ irọ́ náà fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní ìgboro. Àwọn tó ń fọ fíìmù ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èèyàn wá ní kámẹ́rà lápò, wọ́n ń rí ojú ara wọn lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ká aṣọ yìí, mo jù ú sí kọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kí n máa dárò iṣẹ́ mi. Mo ń dárò rẹ̀ lóòótọ́, àwọn Sọ́ńdè yẹn dùn. Àmọ́ ká ní mo lè rí ọjọ́ Kérésì kan ṣoṣo yẹn gbà padà, mi ò ní mú kámẹ́rà.

Ẹ jó o, ẹ̀yin ọmọ Títí. Òótọ́ ni, àkísà ni. Ẹ bá mi gé igun ọwọ́ òsì yẹn kúrò ná, ibi tí ọkùnrin aláwọ̀n wà, ẹ fi fún mi. Ìyókù kò ṣe mí ní nǹkan. Kí ẹ sì pe ìyá yín nílùú tó wà, kì í ṣe pé kí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i o. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún un, kí ẹ sì lọ lọ́jọ́ náà.

Agogo mélòó ló lù? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìlá. Ṣeun, tí o bá ti kó èérí yẹn síta tán, bá mi ti ilẹ̀kùn irin yẹn. Rọra tì í o.